Kí a tó na ìka sí aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí a bi omi léèrè

Láti Àjàṣẹ́ dé Sákẹ́tẹ́, láti Pọ̀bẹ̀ dé Kétu, àwọn ilé wà tó ti gbẹ́ kòtò ẹja sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, àwọn mìíràn fi ọ̀rá nínípọn tẹ́ inú rẹ̀. Ohun rere ni. Ẹja tí a sìn nílé ń fún àwọn ọmọ ní ara líle, ó sì ń mú owó wọlé nígbà tí àgbàdo kò tíì gbó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí ẹja bá kú nínú kòtò, kí ni a kọ́kọ́ máa ń sọ? "Wọ́n ti ṣe é." Ta ni "wọ́n"? Orogún ni, tàbí ìyàwó àbúrò ọkọ, tàbí aládùúgbò tí a jọ ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Àwọn àgbà ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti tú ilé púpọ̀ ká.

Èrò tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò: lọ́pọ̀ ìgbà, ikú ẹja ẹ̀yìnkùlé ń wá láti ọwọ́ àwa tí a ni kòtò, kì í ṣe láti ọwọ́ ọ̀tá. Ohun tó fà á sì ṣeé mọ̀. Ẹni tó ní ojú, tó ní imú, tó sì ti kọ́ ìwé kíkọ, lè wádìí rẹ̀ kí ilé tó dàrú.

ẸJA NÁÀ Ń MÍ

Àwa ènìyàn ń mí afẹ́fẹ́. Ẹja náà ń mí, ṣùgbọ́n inú omi ni afẹ́fẹ́ tirẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ yìí, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ọ́síjìn, kì í pọ̀ nínú omi. Bí omi bá sì ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù sí i. Ibo ló ti ń wá? Díẹ̀ ń gba ojú omi wọlé nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ń wá láti ara àwọn ewéko wínníwínní tó ń mú kí omi kòtò ní àwọ̀ ewé. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá ń ràn, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ rere sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ yìí dúró. Àwọn ewéko náà á wá máa mí nínú afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹja, àti pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń jẹrà ní ìsàlẹ̀ kòtò. Láti àṣálẹ́ títí di ìdájí, gbogbo wọn ń ná, ẹnì kankan kò sì pa á wọlé. Ó dà bí agbolé tí gbogbo ènìyàn ń bu àgbàdo nínú àká kan ṣoṣo nígbà ọ̀dá. Kí oòrùn tó yọ, àká náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ìdí nìyí tí ẹja fi sábà máa ń kú ní ìdájí. Bí ìgbẹ́ adìyẹ tàbí oúnjẹ àjẹkù bá pọ̀ nínú omi, bí omi bá ti ṣú jù, bí ẹja bá ti pọ̀ jù, bí ìkùukùu bá bo oòrùn fún ọjọ́ méjì, àká á ṣófo kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀tá kankan kò wá lóru.

Àwọn ará etí odò Wẹ̀mẹ̀ mọ èyí tipẹ́. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo sí ilẹ̀ tí odò máa ń kún bò. Nígbà tí omi bá fà, ẹja á há sínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi ibẹ̀ dín kù tó sì dọ̀tí, àrọ̀ ń pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó. Kí ló dé? Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè, kó mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Epìyà kò ní ẹ̀yà ara tó lè fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí ó wúlò fún ìwádìí wa.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ tí ẹja bá kú, ẹ wo ẹ̀yìn bí àgbà. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́fà yìí.

1. Ìgbà wo ló kú? Bí ó bá jẹ́ ìdájí, tí àwọn tó kù ń yọ ẹnu sókè bí ẹni ń wá èémí, tí ara wọn sì balẹ̀ nígbà tí oòrùn ga, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, tí ẹja púpọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí májèlé. Bí ó bá jẹ́ méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, ẹ fura sí àìsàn.

2. Èwo ló kú? Bí afẹ́fẹ́ bá tán, àwọn ẹja ńlá ló sábà máa ń ṣáájú. Bí epìyà àti àrọ̀ bá wà nínú kòtò kan náà, tí epìyà kú tí àrọ̀ sì yè, afẹ́fẹ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ rò. Bí májèlé bá wọlé, àwọn kéékèèké ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àrọ̀ náà á sì máa kú.

3. Ṣé ẹja nìkan ni? Ẹ wo àwọn kòkòrò tó ń rìn lójú omi, ẹ wo ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n bá ń ṣeré wọn lọ, ó ṣòro kó jẹ́ oògùn apakòkòrò. Bí àwọn náà bá kú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan omi náà.

4. Báwo ni omi ṣe rí? Ẹ na apá sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ọwọ́ bá pòórá nígbà tí omi dé ìgúnpá, omi náà dára. Bí ó bá pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, omi náà ti ṣú jù. Bí omi bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ti dìdàkudà.

5. Báwo ni ara ẹja ṣe rí? Ẹ ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú. Ibi tó fi ń mí gbọ́dọ̀ pupa. Bí ó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó jẹrà ti di májèlé nínú omi. Bí egbò bá wà lára rẹ̀, tàbí ohun funfun bí òwú, àìsàn ni.

6. Kí ni a ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn? Ṣé a da ìgbẹ́ sí i? Ṣé òjò ńlá rọ̀? Omi òjò tútù máa ń rì, ó ń ru omi ìsàlẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ sókè, ó sì ń gbá ìdọ̀tí àgbàlá wọlé. Ṣé omi ẹ̀rọ ìlú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i? Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn inú omi ẹ̀rọ lè pa ẹja. Kí omi náà wà nínú agbada ọlọ́nu gbòòrò fún ọjọ́ kan tàbí méjì ná. Ṣé sìmẹ́ńtì kòtò ṣì tuntun? A gbọ́dọ̀ rọ omi kún un, kí a tú u dànù, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹja tó wọ ibẹ̀. Ṣé ẹnì kan fọ́n oògùn sí oko ìtòsí?

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ lo garawa méjì. Ẹ bu omi kòtò sí ọ̀kan, ẹ bu omi mímọ́ tó ti wà nínú ìkòkò mọ́jú sí èkejì. Ẹ fi igbá bu omi inú garawa kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ máa dà á padà sínú rẹ̀ láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá gba ọmọ ẹja mẹ́ta mẹ́ta láti kòtò ẹlòmíràn, kí ẹ fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ máa tún omi méjèèjì bù sókè bẹ́ẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí ti omi kòtò bá kú tí ti omi mímọ́ yè, májèlé wà nínú omi yín. Bí gbogbo wọn bá yè, afẹ́fẹ́ ló sún mọ́ jù láti jẹ́ ìdí rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ AGBOLÉ KAN

Ní agbolé kan tí a ti ń kọ́ ìwé, epìyà kú ní ìdájí, ọjọ́ kejì àkọ́rọ̀ òjò. Obìnrin tó ni kòtò sọ pé ìyàwó àbúrò ọkọ òun ni, nítorí wọ́n rí i pẹ̀lú fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò lóru. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn ọmọ wọn kò jẹun pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ fẹ́ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀.

Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wọn lọ wo kòtò náà. Ó rí àrọ̀ mẹ́ta tó ń yí kiri. Ó gbọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ohun funfun funfun.

"Ìyàwó, ta ló da ìgbẹ́ adìyẹ yìí síbí?"

"Ọmọ mi ni, Ìyá. Ó ní yóò jẹ́ kí ẹja tètè tóbi."

"Àpò mélòó?"

"Àpò méjì, Ìyá."

"Ẹja mélòó lẹ fi sínú rẹ̀?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ni, Ìyá."

Kòtò náà gùn ní mítà márùn-ún, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin. Ní kòtò tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, epìyà méjì ni wọ́n ń kọ́ wa láti fi sí mítà kan lọ́nà méjèèjì. Ogójì ẹja ló yẹ ibẹ̀, wọ́n fi 300 sí i. Ìgbẹ́ àpò méjì, òjò ńlá, ẹja 300: àká wọn ti ṣófo kí àkùkọ tó kọ. Obìnrin tó gbé fìtílà ń lọ ẹ̀yìn ilé ni, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń lọ. Ẹja kò jí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé iwájú baálẹ̀ mọ́. Ó gba oṣù púpọ̀ kí àwọn obìnrin méjèèjì tó tún jọ lọ ọjà. Èyí ni mò ń sọ: ẹja tuntun ṣeé rà, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ kò sí ní ọjà.

OHUN TÍ A ÓÒ ṢE NÍ ÌDÁJÍ NÁÀ

Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹja ń yọ ẹnu, ẹ má ṣe dúró sọ̀rọ̀. Ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ kó òkú ẹja kúrò. Ẹ da omi tuntun sí i láti òkè, kó máa ta sókè bó ti ń bọ́ sínú kòtò. Omi kànga jíjìn kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rọra dà á. Bí omi tuntun kò bá sí, ẹ fi ẹ̀ka igi na ojú omi títí oòrùn yóò fi ga. Lẹ́yìn náà, ẹ tú omi ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi omi mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kí ẹ máa fún wọn, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Èyí tó bá kù nínú omi ń jẹrà ni.

NÍGBÀ TÓ BÁ JẸ́ MÁJÈLÉ LÓÒÓTỌ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé: "Ṣé o fẹ́ sọ pé kò sí ẹni burúkú láyé ni?" Rárá. Àwọn ènìyàn burúkú wà, ewéko tí wọ́n fi ń pa ẹja sì wà nínú igbó wa. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè mẹ́fà náà bá tilẹ̀ fi hàn pé májèlé ni, ẹ tún wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló fọ́n oògùn? Níbo ló ti fọ ẹ̀rọ rẹ̀? Nínú èrò mi, àìbìkítà ń pa ẹja ju ìkà lọ.

Ní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde ní Áfíríkà kòkòrò tuntun kan tó ń jẹ inú àgbàdo. Bénẹ̀ àti Tógò wà lára ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ tí kì í fọ́n oògùn sí àgbàdo tẹ́lẹ̀ ti ń fọ́n ọn. Ẹ ka ara ìgò. Bí ẹ bá rí lambda-cyhalothrin tàbí cypermethrin, ẹ mọ̀ pé oògùn tó le gan-an fún ẹja ni, ìwọ̀nba kékeré ló ń pa á. Ẹni tó fi omi ṣan ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, tí òjò sì gbá a wọlé, ti pa ẹja láìmọ̀.

Kì í ṣe ẹja nìkan. Ní àsìkò òwú ọdún 1999 sí 2000, ní Borgou ní àríwá Bénẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ka ó kéré tán ènìyàn 37 tí oògùn òwú kan tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra oògùn tí kò ní orúkọ lára lọ́jà, ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n dà sínú ìgò ohun mímu.

Nítorí náà, ibi tí ìbínú wa yẹ kó lọ nìyí. Dípò kí a máa wá àjẹ́, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò: a kò ní fọ ẹ̀rọ oògùn nítòsí kòtò, kànga tàbí odò, ẹni tó bá fẹ́ fọ́n oògùn yóò sọ fún àwọn tó ni kòtò ní ìdákejì, a kò ní fọ́n ọn nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí ọ̀nà ilé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i. Bí ẹja bá sì kú nípa oògùn, kí a bu omi sínú ìgò mímọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a gbé e lọ sí bíró iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja ti kọmúnù. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ̀rí lè ti pòórá.

ẸJA TÓ KÚ, ṢÉ A LÈ JẸ Ẹ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí ebi àti owó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fura díẹ̀ sí oògùn, a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹja náà, a kò gbọ́dọ̀ yan án, a kò gbọ́dọ̀ tà á. Iná kì í lé irú májèlé yìí jáde lára ẹja. Ẹ má ṣe fún ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn, ẹ sin ín jìnnà sí kànga. Ẹni tó ta ẹja bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn ti ṣe ohun tó ń fi àjẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dájú pé afẹ́fẹ́ ni kò tó, ẹ yára kó àwọn tó ṣì wà láàyè, kí ẹ pa wọ́n, kí ẹ sè wọ́n tàbí kí ẹ tà wọ́n lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti léfòó, tí ẹ kò mọ ìgbà tó kú, kì í ṣe oúnjẹ mọ́.

Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga kíláàsì lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, kí ni ẹ kọ́ ìwé fún? Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ "Ìwé Kòtò" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, oúnjẹ, àwọ̀ omi, òjò, àti ohun tí ẹ rí ní ìdájí. Bí àpẹẹrẹ:

Ọjọ́ Ajé: oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ pòórá nígbà tí omi dé ìgúnpá.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìkùukùu bo oòrùn. Oúnjẹ díẹ̀.
Ọjọ́rú: ẹja mẹ́rin yọ ẹnu ní ìdájí. Mo da garawa omi mẹ́wàá sí i. Wọ́n yè.

Ìlà kan lójúmọ́ tó. Ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ìwé yẹn ni yóò jẹ́rìí. Kì í bínú, kì í jowú, kì í sì í gbàgbé. Àwọn tó ń ta ọmọ ẹja fún wa náà, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba wá níyànjú pé kí a gbẹ́ kòtò, ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ìwé yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gba owó wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ló dé tí ẹja fi sábà máa ń kú kí oòrùn tó yọ?
2. Epìyà kú, àrọ̀ yè: kí ni èyí ń sọ fún wa?
3. Ẹ wọn kòtò yín: ẹja mélòó ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, mélòó ló wà níbẹ̀?
4. Níbo ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ oògùn ní abúlé wa? Ta ni yóò bá wọn sọ ọ́, ní ọjọ́ wo?